Eegun Ajá

Láti ìgbà tí wọ́n ti ihò ìwakùsà pa,
Primitíva ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kotṣabámba,
ó ń fọṣọ fún ìdílé kan tó ní ọgbà òdòdó.
Èmi ni mo kù sílé pẹ̀lú ìkòkò.
Ọwọ́ tó fi ogún ọdún di òòlù mú lábẹ́ ilẹ̀
kò mọ bí a ti ń wọn iyọ̀.
Ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sè, Élóì tọ́ ọ wò,
ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé òkun nìyí?"
Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò rí òkun rí.

Ogún bolifiáno ló wà nílẹ̀ di ọjọ́ Sátidé.
Mo tò ó sórí tábìlì, mo tún un tò,
kò pọ̀ sí i.
Ẹ̀pà ìwọ̀n kan. Àlùbọ́sà méjì tó ti ń hu ewé.
Kárọ́ọ̀tì tó ṣẹ́, nítorí owó rẹ̀ kò tó ti odindi;
bó bá dénú ọbẹ̀, ta ni yóò mọ̀?
Ṣúnyò wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn,
ìyá mi ló fi ránṣẹ́ láti abúlé:
ànàmọ́ tí wọ́n sá sí òtútù òru,
tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde,
tí oòrùn wá gbẹ títí ó fi dúdú,
tó fúyẹ́ bí ìdérí ìgò.
Ó lè pé ọdún mẹ́wàá kó má bàjẹ́.
Èyí tí à ń jẹ báyìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí Nílda,
ìyá mi ṣì lè dìde láìdi nǹkan mú nígbà náà.
Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là ń jẹ.

Ó ku eegun.
Mo dúró níwájú Fuhénsio alápatà,
mo ní, "Ẹ bá mi wá eegun díẹ̀, fún ajá."
Ojú ló ń tì mí. Kò sí ajá nílé wa,
ológbò pàápàá ti kó lọ sílé ẹlẹ́ja.
Ó dì í sínú bébà, kò gbowó.
Mo tún lọ lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àlàáfíà ajá.
"Ṣé ó ń jẹun?" Mo ní ó ń jẹun.
"Ṣé ó ń gbó lóru?"
Mo ní ó kàn máa ń wúkọ́ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Nílda tẹ̀ lé mi.
Ọmọ ọdún márùn-ún, ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn.
Fuhénsio bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn:
"Kí lorúkọ ajá yín?"
Ọmọ náà wò mí. Ó ronú.
Ó ní, "Delfín."
Orúkọ mi ni.

Fuhénsio kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa,
ọ̀bẹ dún lórí pákó lẹ́ẹ̀mẹta,
bébà tó nà sí mi wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.
"Irú ajá bẹ́ẹ̀," ó ní, "ó yẹ kó máa rí ẹran jẹ."

Ní Orúro, níbi tí òkè ga dé yìí,
omi a máa yára hó, ariwo lásán ni,
ooru rẹ̀ kì í wọnú.
Ẹ̀wà á wà lórí iná láti òwúrọ̀, á ṣì le,
gáàsì á sì ti tán.
Nítorí náà, bí ọbẹ̀ bá ti hó fún wákàtí kan, mo pa iná,
mo fi jákẹ́ẹ̀tì ìwakùsà mi wé ìkòkò,
mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì lé e,
mo gbé e sáàárín ibùsùn àwọn ọmọ.
Wọ́n to ẹsẹ̀ tì í.
"Ẹ má yí i dànù o."
Nínú òkùnkùn, ẹ̀pà ń rọ̀,
eegun ń tú ohun tó fi pamọ́ sílẹ̀,
ẹsẹ̀ mẹ́fà ń móoru lórí gáàsì tí a kò rà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Primitíva pè.
"Kí lẹ jẹ?"
Mo ní ọbẹ̀ ẹ̀pà, ṣúnyò.
"Ẹran ńkọ́?"
Mo ní ó wà níbẹ̀.
Ó dákẹ́. "Níbo lo ti rówó?"
Kí n tó dáhùn, Nílda ti já fóònù gbà:
"Màmá, a ti ní ajá o!"