Súwẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Mi

Wọ́n ti pín ẹrù rẹ̀ kó tó dé.
Bàtà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Rasmie, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa,
ọ̀bẹ rẹ̀ di ti ìyá, ó fi ń bó ọ̀dùnkún.
Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ hun,
èmi ni wọ́n wọ̀ ọ́ fún.
Apá rẹ̀ gùn jù mí lọ. Mo ká a lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Lowrie
nígbà tí ọkọ̀ àwọn ọdẹ òkun gbé e ní Lerwick,
ó di àríwá, níbi tí oòrùn ti ń gbàgbé àtiwọ̀.
Àbùùbùtán ni wọ́n ń lé,
ẹran tí à ń bù, tí a kì í bù tán.
Yìnyín ló bù wọ́n,
ó sì bù wọ́n tán.

Apá ọ̀tún pàdé apá òsì,
ó fún ọkọ̀ náà bí ẹni fún aṣọ tútù.
Lowrie ní pákó ń ké
bí abo àgùntàn tí ọmọ há mọ́ nínú.
Mọ́kànlá ló bọ́ sórí yìnyín.
Wọ́n jẹ àbẹ́là. Wọ́n se bẹ́líìtì.
Eunson tó ń ju ọ̀kọ̀ jókòó láti so okùn bàtà,
kò so ó tán.
Ìyókù, Lowrie kì í sọ ọ́.

Aviaja ló rí i, obìnrin kan tó ń wá ihò séálì.
Ó fi eyín ara rẹ̀ rún awọ títí ó fi rọ̀,
ó fi dì í lẹ́sẹ̀.
Kò gbọ́ èdè Lowrie;
ó gbọ́ ti ikùn rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹjọ ló ṣílẹ̀kùn wa.
Ìyá kò pariwo.
Ó wò ó, ó bó ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ tán,
kó tó lè gbójú sókè lẹ́ẹ̀kejì.
Èmi, mo ti ń bọ́ súwẹ́tà,
orí mi há sínú ọrùn rẹ̀, ilẹ̀ ṣú mi níbẹ̀,
mo gbọ́ ohùn kan tí n kò mọ̀:
“Má bọ́ ọ. Ẹni tó ni ín kò bá mi dé.”

Láti ọjọ́ náà, a kì í tanná jẹun nílé wa.
Ó mọ òróró tó wà nínú fìtílà.
Inú òkùnkùn la ti ń wá ọ̀dùnkún,
ìka rẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹ́kù a sì máa kan tèmi
nínú abọ́.