Ìwọ̀ Tó Ń Wo Ara Rẹ̀

Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi ní Ìwòpin,
ìwọ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹnu wọn ṣóńṣó, wọ́n ti dípẹtà.
Òṣífẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orí ilẹ̀ nìkan ló ti ń fẹ̀sọ̀ ṣe nǹkan.
Bó bá ti dé ojú ọ̀sà,
tí okùn bá ti mì, ó parí:
á já a gbì! bí ẹni fa ọmọ yọ nínú iná.

Mo rántí ọ̀bọ̀kún kan. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi ìgbà náà lọ.
Ó ti gbé ìwọ̀ mì kọjá ọ̀fun.
Bàbá fà á, ìfun bá ìwọ̀ jáde.
"Èyí kéré," ló wí, ló bá sọ ọ́ padà sómi.
Ó léfòó, ikùn funfun sókè,
ó ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí a fi dé èbúté.
Àwa ò jẹ ẹ́. Omi ò gbà á.
Mo bi bàbá pé ta ló wá ni ín báyìí.
Ó ní kí n gbọ́n omi inú ọkọ̀.

Ọdún tó kọjá ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,
ti Ẹ̀pẹ́ dé pẹ̀lú ìwọ̀ mẹ́wàá nínú bébà.
Irú ìwọ̀ wo rè é? Ṣóńṣó rẹ̀ ò kọjú síta,
ó tẹ̀ wálé, ó ń wo ara rẹ̀
bí ẹni tó ń ro ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì.
Àwọn ará èbúté rẹ́rìn-ín títí.
Ṣówálé bi mí bóyá òrùka ni mo fẹ́ fi gbé epìyà níyàwó.

Ọjọ́ kìíní, ọwọ́ bàbá mi ló wà lára mi:
okùn mì, mo já a gbì, òfìfo.
Mo tún já a. Ekòló lọ, ẹja lọ.
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo bú ìwọ̀, mo bú Ẹ̀pẹ́,
mo fi gàrí tútù pa ìbínú.
Rẹ̀mí ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má fà á.
Ẹ jẹ́ kó gbé e. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀.
Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ara kọ́ ọ."

Kí n jókòó kí ẹja máa gbé ìdẹ mi lọ?
Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí n máa wo ohun ìní mi bó ṣe ń lọ?
Mo di àjẹ̀ mú kí ọwọ́ mi má baà ṣe wèrè.
Okùn rìn. Ó rìn. Mo ka òpó ilé mẹ́ta létí omi.
Ó wúwo.
Mo kàn ń ká a bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Igun ẹnu ni ìwọ̀ wà, níbi tí ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀.
Kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo yí i, ó bọ́, bí yẹtí ṣe ń bọ́ létí.
Ọ̀bọ̀kún ni. Ikùn rẹ̀ rí ròbòtò, ẹyin ló rù.
Mo gbé e sínú omi, mi ò jù ú.
Ó dúró díẹ̀ láàárín ọwọ́ mi,
ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé,
lẹ́yìn náà ọwọ́ mi ṣófo,
mi ò mọ ìgbà tó lọ gan-an.

Ìwọ̀ bàbá ṣì wà nínú agolo. Ọ̀kan ni mo yọ,
mo kàn án mọ́ ògiri, àtùpà ló ń gbé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìkọ́kọrẹ́ ń hó lórí iná.
Ìyàwó mi ṣí agbọ̀n wò, epìyà méjì péré.
"Ẹja tó kù dà?"
Mo ní ó ń bọ̀.
"Ìgbà wo?"
Mo ní, tó bá bímọ tán.