Ọ̀pá Ìwọn Aṣọ

Gíláàsì ni mo kọ́kọ́ rà, n kò ro ti páìpù.
Àpótí gíláàsì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn,
mo gbé e ka tábìlì onírin ní pálọ̀ wa n'Ísọ̀kùn, n'Íléṣà,
mo da ẹja mẹ́sàn-án sí i, pupa mẹ́fà, dúdú mẹ́ta.
Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi sọ gbogbo wọn lórúkọ.

Inú ike ńlá abẹ́ tábìlì ni omi ń sọ̀ kalẹ̀ sí,
a sẹ́ ẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ a tì í padà sókè.
Páìpù méjì: ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀.
Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo ní ó ti tó.
Ohun tó so rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀,
ọrùn ẹlòmíràn ló ń fà.

Ọrùn gíláàsì ló fà.
Lóru ọjọ́ Ẹtì kan, iná Nẹ́pà dé lójijì,
ẹ̀rọ ta gìrì, páìpù gbọ̀n,
ìgúnpá rẹ̀ yẹ̀ níbi tí mo ti lẹ̀ ẹ́.
Omi gba abẹ́ àga, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó lọ kí àpótí ìwé ilẹ̀ wa.
Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀,
kò sọ̀rọ̀.
Ìyẹn gan-an ló burú.

Ògúnṣakin dé lọ́jọ́ kejì láti Òkèṣà.
Kò wo ibi tó yẹ̀ rárá. Ògiri ló ń wò.
Ó fi èékánná kàn án, ó dẹtí sí i:
"Amọ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì kàn bò ó lójú ni."
Ó lu ihò kan wò bí eré,
eruku pupa tú, ìṣó jókòó síbẹ̀ bí eyín arúgbó.
"Eléyìí ò lè gbé páìpù tómi kún inú rẹ̀.
Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an, àánú ló fi gbé e."

Ó ní ká wá igi. Igi tó gbẹ, tó ti gbàgbé òjò.
Mo wá a títí mo fi dé yàrá bàbá mi,
mo bá ọ̀pá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ọ̀pá yáàdì kan, ìṣó idẹ ló fi sàmì sí i lára.

Òṣómàáló ni bàbá mi.
Ó ru aṣọ láti ìlú wa dé Ọ̀fà, ó rù ú dé Kàbà,
ó tà á láwìn, ó padà lọ gbowó.
Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní í jókòó, kò ní í dìde,
orí òṣòó ló máa wà títí owó á fi pé.
Igi tó wọn aṣọ kọjá kíkà,
kò tíì bá omi ṣòwò rí.

Ògúnṣakin ò bi mí ní ìtàn.
Ó fi bóòtù dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, lóòró:
"Ohun tó gbé gíláàsì ni kó gbé páìpù.
Bí wọ́n bá máa mì, kí wọ́n jọ mì."
Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́,
ó fi wé páìpù kó tó fi irin dì í mú.
"Ẹ má fún un pa o. Oòrùn á mú, ike á wú.
Bí a ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú sọdá títì ni."
Ìdìmú kan lókè ìgúnpá, òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀,
méjì gbáko fún fáàfù, torí orí rẹ̀ wúwo.
Níbi tí páìpù ti wọnú gíláàsì
ó fi ìka kan gbé e, ó jù ú sílẹ̀.
Kò rọ̀. Gíláàsì ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan so mọ́ òun.

Ó gbowó, ó lọ.
Oorun ò kùn mí.
Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan,
mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo lóṣòó sẹ́yìn tábìlì,
mo ń wo ẹ̀kán tí kò kán.
Agogo mẹ́ta òru, ìwé ìròyìn ṣì gbẹ.
Ìyàwó mi yọjú, ó wò mí níbi mo lóṣòó sí,
ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì:
"Ta ló jẹ yín lówó?"