Awọ Àpò Fágbohùn

Mo gbé e dé ìsọ̀ Alásáànì pé kó bá mi sọ ọ́ nù.
Rárá, irọ́ ni. Mo gbé e débẹ̀
nítorí pé ọwọ́ mi kọ̀, kò lè sọ ọ́ nù fúnra rẹ̀.

Àpò awọ ni. Ẹnu rẹ̀ ya, okùn èjìká rẹ̀ já,
ó gan bí ẹja gbígbẹ nínú ọyẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́.
Bàbá bàbá mi ló ni ín, Fágbohùn onírélùwéè,
tó ń fẹsẹ̀ wọn irin láti ìdí òkè wa títí dé ọ̀nà Kìlìbò,
òòlù kan, ìṣó mẹ́wàá, àgbàdo sísun ìlàjì nínú àpò.
Koríko ti bo irin báyìí.
Ewúrẹ́ ń sùn níbi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè.

Ìbídùn ọmọ mi kò ní bàtà.
Ó ní tẹ́lẹ̀ o: èyí tí mo rà ní Kútọnù,
tó ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Òjò kan péré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ara alángbá.
Àwọ̀ ló ní, kò ní awọ.
Mo jù ú sí ààtàn. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní:
iná ò jẹ ẹ́ tán, ilẹ̀ kọ̀ ọ́,
adìyẹ tó ṣa á lẹ́nu tu ú dà nù.

Alásáànì ò sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò sí imú,
ó ká a, ó tú u, ó fi èékánná họ ọ́ nídìí.
"Ẹ bá mi wá òrí."
Mo ní, "Ṣé kò tíì kú ni?"
"Màlúù ló kú. Ẹ̀ẹ̀kan ló sì kú.
Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Jímọ̀, awọ ti ń mí.
Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun,
òórùn rẹ̀ sì ti jí: èéfín, òógùn, epo ọkọ̀ ojú irin.
N ò mọ̀ pé mo ṣì mọ òórùn yẹn
àfi ìgbà tí omi kún mi lójú.

Ibì kan wà lára rẹ̀ tó dúdú ju ìyókù lọ,
ibi tí àpò ti ń lu ìbàdí Fágbohùn
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìṣísẹ̀ kan, lílù kan.
Ibẹ̀ gan-an ni Alásáànì gbé abẹ lé.
"Ibí ló le jù. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni yóò lọ."
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
"Kí ọmọ máa tẹ baba ńlá rẹ̀ mọ́lẹ̀?"
Ó wo ọwọ́ mi títí mo fi gbé e kúrò.
"Ìyá Ìbídùn, ẹ̀yìn tó ń pọnmọ,
ṣebí abẹ́ ọmọ náà ló wà."

Abẹ gé e. Ìlu wọlé, òwú onída tẹ̀ lé e.
Bàtà méjì jáde, tọ̀tún dúdú ju tòsì lọ,
torí awọ dídán yẹn ò kájú gìgísẹ̀ méjèèjì.
Ìbídùn ò bìkítà. Ó ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀
pé ẹsẹ̀ ọ̀tún òun làgbà.

Alásáànì ò jẹ́ kí n dìde láì kó àjẹkù abẹ.
Mo kan pélébé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé adìyẹ;
ilẹ̀kùn náà ò han mọ́.
Èyí tó ṣẹ́ kù, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé,
ọmọ aládùúgbò ti fi ṣe kànnàkànnà,
ẹyẹ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ forí jì mí.

Lánàá, Ìbídùn sáré gba ojú irin àtijọ́.
N ò rí i, koríko ga jù ú lọ.
Mo kàn ń gbọ́ awọ lórí irin: kó, kó, kó,
bí ẹni tó ń fi òòlù kan ìṣó
wò bóyá ó ṣì mú.