Oókàndínlọ́gọ́ta

Ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo Jọ́ọ̀sì.
Eruku jókòó sórí tábìlì
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí à ń lọ.
Mo gbé ìkọ́ jáde, ìkọ́ irin tí ìyá mi fi hun fìlà
fún ìdajì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí.
Mo ní: lọ́dún yìí, ti ara mi ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń to fáìlì aláìsàn ní ọsibítù,
òkìrìkà sì ni súwẹ́tà tí mo ń wọ̀ lọ.
Ẹnìkan ti rán orúkọ sí ọrùn rẹ̀ kó tó sọdá òkun:
Màgírẹ́ẹ̀tì.
N kò mọ̀ ọ́n rí.
Tí òtútù bá dé, òun ló ń dì mọ́ mi.

Lọ́jà, lẹ́yìn Tẹ́mínọ́ọ̀sì, Màlámù Sámínù ní
àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ pupa tí mo fẹ́ ku ìdì mẹ́fà péré.
Mo ní, Màlámù, ara àgbàlagbà nìyí o.
Ó wò mí, ó wo òwú,
ó ní: fi àwọ̀ mìíràn parí apá,
ta ló ní dandan ni kí apá jọ ikùn?
Mo ra aláwọ̀ aró mẹ́rin kún un.
Mi ò tilẹ̀ ná an dáadáa.

Ẹ̀wọ̀n la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Òwú á wọ inú ara rẹ̀, á tún wọ inú ara rẹ̀,
ẹ̀wọ̀n tí kò lè de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀:
fa ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di okùn lásán.
Mo ti fà á lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀.
Ọgọ́fà ojú ni mo ń wá.
Iná lọ, ìkà bọ́ lẹ́nu mi.

Kánẹ́ńgì ilé kejì wá tọrọ ṣúgà,
ó bá mi níbi ẹẹ́rìnlá, ẹẹ́dógún, ẹẹ́rìndínlógún.
“Káká, kí lẹ̀ ń yọ kúrò nínú rẹ̀?”
Mo ní, ẹ̀rin ni, a yọ ọ́ kúrò nínú ogún.
“Ogún tí ẹ kò tíì dé?”
Òun ní goma sha shida làwọn ń pè é,
ẹ̀wá tó wà nílẹ̀, ẹ̀fà tó gùn ún lẹ́yìn.
Ó rẹ́rìn-ín títí ṣúgà fi ń dà nù lọ́wọ́ rẹ̀:
“Ẹ̀yin Yorùbá, owó tí ẹ kò tíì gbà lẹ̀ ń ná!”

Ó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ.

Lẹ́tà ọ́fíìsì wà lábẹ́ Bíbélì:
tó bá di oṣù Ọ̀wàrà, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.
Oókàndínlọ́gọ́ta ni mí.
Láti àrúndínlọ́gọ́ta ni ọgọ́ta ti ń pe orúkọ mọ́ mi lára
bí olówó èlé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹ̀rìnléláàádọ́ta ni ìyá mi nígbà tó lọ,
ibi tí ìkà ṣì ń wo ẹ̀yìn,
tí wọ́n ṣì ń fi kún un.
Èmi ti rékọjá síbi tí à ń yọ ọ́.
Mo ti dàgbà ju ìyá mi lọ, ẹ gbọ́,
ìkọ́ rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ mi,
ó ti tẹ̀ díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbé e.

Mo tan àtùpà. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.
Ìka mi ti yi, òwú ń há sí ibi tó sán.
Ìgbà tí ajá àwọn Kánẹ́ńgì dákẹ́,
mo na ẹ̀wọ̀n náà sórí itan, mo kà á láti ìdí:
oókàndínlọ́gọ́fà.

Mi ò tú u.
Mo fi ìkọ́ sílẹ̀ nínú ojú tó gbẹ̀yìn, kó má baà yọ,
mo wọ Màgírẹ́ẹ̀tì, mo dùbúlẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé.
Òtútù ò tíì mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀.