Ìpìlẹ̀ Ọ̀nà Irin ní Òkè Àró

Mo ti fi ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta lélẹ̀ ní Ọ̀bá-Ilé,
mo ti mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́, mo ti gbẹ́ ṣálángá,
ṣùgbọ́n ẹnìkan kò bẹ̀ mí níṣẹ́ rí
pé kí n wá ṣe ìpìlẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin
tí adìyẹ ga jù.

Bàbá Olúwatúyì ló pè mí,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n da òkúta sábẹ́ irin rélùwéè
láti Òṣogbo títí dé Jẹ́bà,
kó tó fẹ̀yìn tì wálé sí Àkúrẹ́
níbi tí rélùwéè kò dé rí.
"Bí kò bá wá," ó ní, "èmi á mú un wá."
Ó ṣí páálí kan: ẹ́ńjìnnì kan, kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin,
ẹrù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Ọdún àkọ́kọ́, ó tẹ́ irin sórí ilẹ̀ lásán.
Òjò Agẹmọ dé. Ẹ sì mọ erùpẹ̀ pupa wa,
bó bá ti mumi yó, kì í rántí ohun tí a gbé lé e.
Irin ká kò bí ìfun adìyẹ.
Ọdún kejì, ó tẹ́ pátákó, ó fi ọ́ìlì dúdú kùn ún.
Ikán ṣe sùúrù títí ọ́ìlì fi gbẹ;
wọ́n jẹ ẹ́ láti inú wá, wọ́n fi awọ sílẹ̀ fún ojú wa.
Lọ́jọ́ tí Ìbídùnní, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbé ẹ́ńjìnnì lé e,
pátákó rún bíi bisikíìtì tí a rì sínú tíì.

Ìyẹn ló jẹ́ kó ránṣẹ́ sí mi.

Mo ní ká da kankéré lé e, kó tán síbẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé.
"Omi ńkọ́? Ibo lo fẹ́ kómi gbà?
Omi kì í bá ènìyàn jà, ọ̀nà ló ń wá.
Ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ọn ló fìjà lọ̀ ọ́."

A kan èèkàn, a na okùn, a yí igi ọsàn ká.
Ó ní kí n yà fún ọlọ tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ata.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà kò bèèrè.
A gbẹ́ ilẹ̀ títí ojú ṣọ́bìrì fi wọlẹ̀ tán,
a ri páìpù mẹ́ta sísàlẹ̀, wọ́n dagun síhà odò Àlá.
Òkúta wẹ́wẹ́ dé láti ọ̀nà Ìta-Ògbólú;
bàbá jókòó, ó ń ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà.
Èyí tó bá rí roboto, ó sọ ọ́ nù:
"Roboto kì í di ẹnìkejì rẹ̀ mú.
Onígun ni kóo bá mi kó wá."

Lẹ́yìn náà la tó da kankéré.
Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà-mẹ́fà, ó ní kí n fi àlàfo sílẹ̀,
kí n má sì de irin náà pinpin.
Mo ní nítorí kí ni?
"Jẹ́ kí oòrùn Èrèlé dá ọ lóhùn.
Irin ń mí. Bóo bá fún un lọ́rùn, yóò wọ́."

Mo ń fi ọwọ́ ra símẹ́ńtì, ọkàn mi ti lọ sílé,
sí ògiri yàrá mi tó ya láti òkè délẹ̀,
ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ pẹ̀lú ìkánjú,
tí mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bo ojú rẹ̀.
Ilé tí a fitọ́ mọ, wọ́n ní ìrì ni yóò wó o.
Wọn kò sọ ohun tí bíríkìlà yóò wí fún ìyàwó rẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ lóru Sátidé.
Ẹnìkan kò pè mí, mo dé Òkè Àró kí ilẹ̀ tó mọ́.
Bàbá àti Ìbídùnní ti lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
kò sí ẹ́ńjìnnì lórí irin, kò sí kọ́ọ̀ṣì;
ẹnu páìpù ni wọ́n ń wò.
Omi ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó mọ́ gaara.
Ọmọ náà ní, "Bíríkìlà, ó ti rí ọ̀nà."

Mo délé. Mo ká kàlẹ́ńdà kúrò.