Ọjọ́rú Tèmi

Àwo mọ́kànlélógún ni Dezső kó sínú agolo bisikíìtì,
ó fi rọ́bà dì í, ó kọ orúkọ mi sí ìdérí rẹ̀,
kó tó wọkọ̀ ojú irin lọ sí Linz, níbi tó ti ń kun ilé onílé.
“Piroska, jọ̀ọ́, bá mi da géèmù wọ̀nyí kọ sínú háàdì díráìfù
kí kọ̀ǹpútà Bàbá tó dákẹ́.
Èyí tí wọ́n ń tà báyìí kò lẹ́nu tó lè fi gbé àwo mì.”

Mo ní ó dáa.
Èmi tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹyọ kan rí.
Lọ́dún tí ilé iṣẹ́ irin kógbá sílé,
tí Bàbá fi owó ìdágbére ra kọ̀ǹpútà dípò bàtà òtútù,
Dezső àti Kálmán a jókòó tì í bí ẹni tó ń yáná,
wọn a yìnbọn, wọn a kọ́ ìlú, wọn a jọba,
bí mo bá sì yọjú, wọ́n á ní
“Àwo ń dúró dè ọ́ nílé ìdáná.”
Àwo ni tiwọn, àwo ni tèmi.
Tiwọn ń tàn bí òṣùmàrè ni.

Lálẹ́ yìí yìnyín bo gbogbo òkè Avas,
àjà kẹsàn-án ni mo wà, ẹ̀rọ agbéniròkè ti bàjẹ́.
Mo ti àwo kìíní bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu.
Ó kọ́kọ́ wúkọ́,
ó yí, ó kùn, ó tún yí, bí ọlọ tí kò rí ata lọ̀.
Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń wọ́ lọ lójú gíláàsì:
ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́rin.
Mo lọ gbé tíì kaná, mo mu ún tán, mo padà dé:
ìdá mẹ́rin.
Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,
ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tèyí, ẹnu ọ̀nà ló sùn sí.

Àwo keje kọ̀ jálẹ̀.
Ó dé ìdá mọ́kànléláàádọ́rin, ó dúró gbagidi.
Mo yọ ọ́, mo gbé e sábẹ́ iná:
wọ́n ti kọ ọ́ nílà, olóòlà náà ò sì mọṣẹ́.
Kálmán ni. Kálmán tó máa ń gbé ife bíà lé àwo.
Mo fi ọṣẹ ìfọyín pa á,
láti àárín lọ sétí, n kò yí i po,
mo ṣàn án, mo fi aṣọ ìnu-gíláàsì ojú mi nù ún.
Ẹ tún sọ fún mi, nínú ilé wa,
ta ló mọ àwo fọ̀ jù mí lọ?
Ó kà á. Ó kà á dópin.

Inú páálí àwo yẹn ni ìwé pélébé kan ti já bọ́,
nọ́ńbà gígùn tí èèyàn ń tẹ̀ kí géèmù tó ṣílẹ̀kùn.
Ọwọ́ Bàbá ni: gbogbo 7 rẹ̀ ló so ìgbànú mọ́ ìdí.
Mo yí i padà.
Ajé, Dezső. Ìṣẹ́gun, Kálmán.
Ọjọ́rú, Piroska.
Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ká a sọ́wọ́ títí tíì kejì fi tutù.
Ọjọ́rú tèmi, tí wọ́n fi rú mi lójú!
Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé owó iná:
ọdún mẹ́fà,
ọ̀ọ́dúnrún Ọjọ́rú ó lé méjìlá.

Dezső pè láàárọ̀ yìí. “Ṣé o ti parí?”
Mo ní ó ku díẹ̀, àwo kẹjọ ń yọ mí lẹ́nu.
Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí gbogbo wọn ti wọlé sínú háàdì,
ohun tí kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.
Ìlú mi ti lódò, ó ti ní afárá méjì,
àlìkámà mi ti gbó,
n kò tíì gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Àwo oúnjẹ àná ṣì wà nínú omi tútù nílé ìdáná.